Bí a ṣe ń dáná sí ẹ́ńjìnì rélùwéè eléèédú, láti ìgbà tó tutù títí dìgbà tó máa gbéra

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1968 ni rélùwéè ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ́ńjìnì eléèédú fa ọkọ̀ èrò kẹ́yìn lórí ojú irin ńlá. Ẹ́ńjìnì mẹ́rin ló pín ìrìn àjò ọjọ́ náà ṣe, láti Liverpool gba Manchester lọ sí Carlisle, tó fi padà wálé. Mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Black Five. Òun náà la máa fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, torí pé ó pọ̀, ó lágbára, kì í sì í fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. 842 ni wọ́n rọ láàárín ọdún 1934 sí 1951, 18 ló sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gé irin tà. Ọ̀kan nínú wọn, 5025, wà ní Strathspey Railway ní Skọ́tíláńdì. Ilé-iṣẹ́ Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows ló rọ ọ́ ní 1934, ilé-iṣẹ́ kan náà tó rọ ẹ́ńjìnì fún rélùwéè Nàìjíríà.

Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ dáná sí ẹ́ńjìnì báyìí, ọ̀nà wà fún un. Àwọn olùfẹ́ rélùwéè ti jí ọ̀pọ̀ ojú irin dìde: Talyllyn ní Wales ló ṣáájú ní 1951, Bluebell tẹ̀ lé e ní 1960, Keighley and Worth Valley ní 1968, Severn Valley ní 1970. Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ló pọ̀ nínú òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ máa di ọmọ ẹgbẹ́, dókítà máa yẹ̀ yín wò, ẹ máa kọ́ òfin ojú irin, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fífi àkísà nu ẹ́ńjìnì. Ẹ má fojú kéré nínù yẹn. Ẹni tó bá fi àkísà nu gbogbo ọ̀pá àti nọ́ọ̀tì fún ọdún kan ló máa ń mọ ihò epo tó fara pamọ́, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ rí irin tó ti sán. Láti ibẹ̀ lẹ ó di adáná, ẹ ó sì di awakọ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí a kọ síbí kò gba ipò ìwé òfin ojú irin tí ẹ bá wà, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ipò ọ̀gá tó máa dúró tì yín. Ó wà kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀gá yín fi ń sọ pé kí ẹ ṣe é báyìí.

Aṣọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ofaróòlù òwú ni kí ẹ wọ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù, torí náílọ́ọ̀nù máa ń yọ́ mọ́ ara bí iná bá kàn án. Bàtà aláwọ tó ní irin níwájú, ìbọ̀wọ́ aláwọ, awò tó ń bo ojú, àti fìlà.

Kí ẹ tó tan ìṣáná

Ibí niṣẹ́ wà. Iná dídá fúnra rẹ̀ kò le, ọmọdé lè dáná. Ohun tó ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́ ni ohun tí adáná kò yẹ̀ wò kó tó dáná, àti kánjúkánjú lẹ́yìn tó ti dá a.

Ẹ wá ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnì náà kà. Ẹ yí ẹ́ńjìnì po, kí ẹ wò bóyá pátákó wà lára rẹ̀ tó ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e. Bó bá wà, ẹnìkan ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó gbé pátákó náà kọ́ nìkan ló lè mú un kúrò. Ẹ wo gbogbo èdìdí ihò tí wọ́n ń gbà fọ bọ́ílà, ìyẹn àgbá irin ńlá tí omi ti ń hó, bóyá wọ́n ti dè wọ́n padà.

Ẹ fa háńbíréèkì inú tender, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn tó ń gbé èédú àti omi, kó le dáadáa. Ẹ fi igi há ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ ti regulator pa, ìyẹn ọwọ́ tó ń tú ooru omi sí sìlíńdà. Ẹ fi reverser, tó ń yan iwájú tàbí ẹ̀yìn, sí àárín gbùngbùn. Ẹ wá ṣí ojú ihò omi sìlíńdà sílẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: bí regulator bá ń jò díẹ̀díẹ̀, ooru á máa kóra jọ sí sìlíńdà lóru láìsí ẹni tó mọ̀, ẹ́ńjìnì tó wúwo tó bíi 72 tọ́ọ̀nù, láìka tender mọ́ ọn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Bí ihò omi bá ṣí, ooru tó jò á rí ọ̀nà jáde.

Omi ló kàn. Gíláàsì méjì ló wà nínú yàrá awakọ̀ tó ń fi ibi tí omi bọ́ílà dé hàn. Ẹ wò bóyá táàpù òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣí. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí táàpù ìdàálẹ̀ díẹ̀ kí omi inú gíláàsì dà nù, kí ẹ sì tì í padà: omi gbọ́dọ̀ gòkè wá sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí kò bá padà, omi tí ẹ rí tẹ́lẹ̀ lè jẹ́ èyí tó há sínú gíláàsì látìjọ́, bọ́ílà sì lè ṣófo. Ìdajì gíláàsì ló tó fún bọ́ílà tó tutù. Ẹ má kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi máa ń wú bó bá ń gbóná. Nígbà tí gééjì tó ń wọn agbára ooru inú bọ́ílà Black Five bá ka 225 pọ́n-ùn lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kan, tó jẹ́ òpin agbára rẹ̀, omi inú bọ́ílà ti gbóná tó bíi 200 dígíríì Sẹ́ńtígíréèdì, á sì ti fi bí ìdá kan nínú méje wú ju bó ṣe wà nígbà tó tutù.

Ẹ wá wọ inú ilé iná lọ. Ẹni kejì gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, iná kankan ò sì gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá, torí èéfín èédú kan wà tí kò lóòórùn tó ń pa ènìyàn. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, kí ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè wo òrùlé ilé iná. Èdìdí òjé wà níbẹ̀. Òjé máa ń yọ́ ní 327 dígíríì. Bí omi bá lọ sílẹ̀ débi tí òrùlé náà fi gbẹ, òjé á yọ́, ooru á tú sínú iná, á sì kìlọ̀ fún adáná. Bí ẹ bá rí ipa omi tàbí ìyẹ̀pẹ̀ funfun lẹ́bàá èdìdí náà, ó ń jò. Ẹ má dáná, ẹ pe ọ̀gá. Ẹ wo ẹnu àwọn páìpù níwájú àti àwọn ọ̀pá ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún irú ipa funfun bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àjà bíríkì tó na ọwọ́ wá láti iwájú ilé iná: òun ló ń dá ọwọ́ iná padà kó lè jó tán kó tó wọ páìpù. Bíríkì kan tó bá jábọ́, ẹ́ńjìnì yẹn á máa tú èéfín dúdú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn irin ìdáná nílẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti tẹ̀ tàbí tó ti ṣí kúrò, iná á jábọ́ sínú páànù eérú, á sì jó àwọn irin yòókù láti ìsàlẹ̀.

Ẹ kó eérú inú páànù ìsàlẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹ ṣí ilé èéfín níwájú, ẹ kó gbogbo èédú wẹ́wẹ́ tó kóra jọ síbẹ̀, ẹ nu etí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ sì tì í kó le. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ooru tó ti lò tán á tú jáde gba ihò èéfín, á sì máa fa afẹ́fẹ́ inú ilé èéfín tẹ̀ lé e. Òfìfo tó bá ṣẹ́kù ló ń fa iná gba inú páìpù. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba etí ilẹ̀kùn wọlé, iná ò ní rí afẹ́fẹ́ fà gba inú èédú mọ́, agbára á máa lọ sílẹ̀, èédú wẹ́wẹ́ níwájú á sì gbiná, á jó ilẹ̀kùn náà tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ń bú èédú pé kò dára, etí ilẹ̀kùn yìí ló ń jò.

Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ wòkè: ṣé wọ́n ti ṣí ìdérí kúrò lórí ihò èéfín? Bí ó bá kù síbẹ̀, gbogbo èéfín á padà sí yàrá awakọ̀.

Iná

Bọ́ílà tó tutù pátápátá kì í gba iná ńlá. Bàbà ni ilé iná Black Five, irin sì ni ara bọ́ílà tó yí i ká. Bàbà máa ń gùn ju irin lọ bí wọ́n bá gbóná dọ́gba, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ gbóná torí iná wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kánjú, bàbà á máa na ara nígbà tí irin ò tíì kúrò lójú kan, àwọn ọ̀pá ìdìmú tó wà láàárín wọn á tẹ̀, wọ́n á sì sán tó bá pẹ́. Ẹnu páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àtúnṣe irú rẹ̀ máa ń gba oṣù, owó rẹ̀ sì pọ̀ gan-an fún ẹgbẹ́ tó ń fi owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀bùn ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ dá iná kékeré kan, kí ẹ jẹ́ kó máa jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí omi kàn lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì dáná gidi ní ọjọ́ kejì. Ẹ́ńjìnì tó ṣiṣẹ́ lánàá tó ṣì gbóná kò nílò ju wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ.

Ẹ tẹ́ èédú sórí irin ìdáná kó ga tó bí ínǹṣì 4, kí èédú náà tó ìkúùkù ọmọdé, ṣùgbọ́n kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn, lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ lẹ ó to igi gbígbẹ sí, ní dábùú àti òòró kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀. Igi tí wọ́n fi ṣe pálẹ́ẹ̀tì dára, àmọ́ ẹ yọ ìṣó ńlá inú rẹ̀, torí ó máa ń há sáàárín irin ìdáná. Ẹ rẹ àkísà òwú mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú kẹrosíìnì, ẹ gbé wọn sórí ṣọ́bìrì, ẹ ṣáná sí wọn níta, kí ẹ wá fi ṣọ́bìrì náà tì wọ́n sáàárín igi. Pẹtiróòlù kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ láéláé: òórùn rẹ̀ á kún ilé iná, á sì bú gbàù sójú ẹni tó mú ìṣáná.

Ẹ ṣí damper, ìyẹn ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tó wà lára páànù eérú, kí ẹ fi ilẹ̀kùn ilé iná sílẹ̀ ní ìlàjì. Èéfín á kọ́kọ́ rọ́ wá sọ́dọ̀ yín títí ihò èéfín á fi gbóná. Kò burú, ẹ kàn fi sùúrù dúró. Bí igi bá ti mú dáadáa, ẹ tì í síwájú díẹ̀díẹ̀ lórí èédú, kí ẹ sì máa ju ṣọ́bìrì kan tàbí méjì sí i nígbà tí ẹ bá rí i pé èyí tó wà níbẹ̀ ti pọ́n. Iná tó pọ́n káàkiri láìsí ihò kankan nínú ni ẹ ń wá, kì í ṣe òkìtì.

Èédú fúnra rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀. Èédú ilẹ̀ Wales ni wọ́n ti fi ń ṣe àwọn ẹ́ńjìnì wọ̀nyí láyọ̀: kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín, ó máa ń gbóná gan-an, ó sì fẹ́ iná tó nípọn. Ìwakùsà Ffos-y-Fran lẹ́bàá Merthyr Tydfil, tó ń pèsè púpọ̀ nínú rẹ̀, ti kógbá sílé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Láti ìgbà náà, èédú láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ojú irin ń lò, àwọn mìíràn sì ń dán èédú tí wọ́n fi ẹ̀rọ mọ bí ẹyin wò. Èédú òkè òkun máa ń ní ọwọ́ iná gígùn àti èéfín púpọ̀, ó fẹ́ iná tín-ín-rín àti afẹ́fẹ́ púpọ̀ láti òkè. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ti Wales dá ti òkè òkun máa ń rí èéfín dúdú àti èédú tó yọ́ lẹ̀ mọ́ irin ìdáná. Ẹ bi àwọn tó ti lo èyí tó wà nílẹ̀ léèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Epo, nígbà tí iná ń mú

Wákàtí tí ẹ fi ń dúró kì í ṣòfò. Ẹ́ńjìnì náà fẹ́ oríṣi epo méjì, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pàdé. Epo sìlíńdà nípọn, ó dúdú, wọ́n ṣe é kó lè fara da ooru tó gbóná janjan. Epo ìgbáyígbáyí, tó wà fún àwọn irin tó ń yí, fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Bí ẹ bá da epo ìgbáyígbáyí sí àpótí ti sìlíńdà, á jó di èédú lára písítọ̀n. Bí ẹ bá da ti sìlíńdà sí ibi tí òwú ti ń fa epo, kò ní ṣàn, irin á gbẹ, á sì gbóná. Lára Black Five, àpótí epo tó ń fúnra rẹ̀ tì í jáde bí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì bá ń yí wà lórí pèpéle ẹ̀gbẹ́. Ẹ kún wọn, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí wọn díẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ lọ́wọ́ pé epo ti ń lọ nínú páìpù.

Lẹ́yìn náà ẹ mú agolo epo, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, kí ẹ má sì yí ọ̀nà padà láéláé. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ níbi tó wù ú lójoojúmọ́ ló máa ń gbàgbé ibì kan. Ẹ gba ìta lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún: orí ọ̀pá ńlá, àwọn ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ pọ̀, àwọn orígun tó ń darí fáàfù, irin tí orí písítọ̀n ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ wá sí òsì. Bí iṣẹ́ bá wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ mọ̀ pé ẹ ń lọ sábẹ́. Inú ife epo kọ̀ọ̀kan ni òwú irun àgùntàn wà tó ń fa epo wọlé ní ìwọ̀nba. Ẹ wò ó bóyá ó ti dọ̀tí tàbí tó ti bọ́. Ìdérí ife náà jẹ́ ọ̀pá rátánì tí wọ́n gé, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má fi ike tàbí igi líle rọ́pò rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ò bá lè wọlé, epo ò ní sọ̀kalẹ̀, ife á kún títí alẹ́, orí ọ̀pá á sì jóná.

Nígbà tí gééjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè

Bó bá ti tó 20 sí 30 pọ́n-ùn, ẹ lè ṣí blower díẹ̀. Ó jẹ́ páìpù kékeré tó ń fẹ́ ooru gba ihò èéfín, kó lè máa fa iná nígbà tí ẹ́ńjìnì bá dúró. Díẹ̀ ni a wí. Blower tó pariwo ní àárọ̀ kùtù ń jó èédú, ó sì ń fi agídí gbóná bàbà tí a ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ wá dán gíláàsì omi wò pẹ̀lú ooru, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ ti táàpù òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹ ṣí táàpù ìdàálẹ̀: gíláàsì á ṣófo. Ẹ ṣí ti ìsàlẹ̀ nìkan: omi gbọ́dọ̀ tú jáde pẹ̀lú agbára. Ẹ tì í. Ẹ ṣí ti òkè nìkan: ooru gbọ́dọ̀ tú jáde. Ẹ tì í. Ẹ ti táàpù ìdàálẹ̀, kí ẹ wá ṣí méjèèjì padà: omi gbọ́dọ̀ fò sókè kíá, kó mì díẹ̀, kó dúró sí ibi kan náà tó wà nínú gíláàsì kejì. Omi tó bá ń fà bí aláìsàn gòkè ń sọ fún yín pé ìdọ̀tí ti dí ọ̀nà rẹ̀. Ẹ́ńjìnì yẹn ò gbọdọ̀ jáde títí wọ́n á fi là á.

Bí ìgbà kan bá wà tí ẹ ò rí omi nínú gíláàsì, tí ìdánwò yìí náà ò sì fi í hàn, ẹ má da omi tútù sí i. Bí òrùlé ilé iná bá ti gbẹ tó sì ti pọ́n, agbára irin rẹ̀ ti lọ. Ẹ pe awakọ̀, ẹ ti damper, kí ẹ pa iná náà tàbí kí ẹ kó o jáde.

Injector ló ń ti omi láti inú tender wọ bọ́ílà, láìní ohun kan tó ń yí nínú rẹ̀. Ooru tó ń sáré gba ẹnu tóóró kan ló ń gbé omi sáré, ìsáré náà ló sì ń ṣí fáàfù bọ́ílà. Méjì ni Black Five ní: ọ̀kan ń lo ooru tààrà, ìkejì lè lo ooru tí sìlíńdà ti lò tán. Ẹ́ńjìnì ò gbọdọ̀ jáde pẹ̀lú ẹyọ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́. Omi ló máa ń ṣáájú: ẹ ṣí omi, ẹ dúró títí á fi máa ṣàn jáde ní páìpù ìdàsíta, kí ẹ tó ṣí ooru. Ẹ wá dín omi kù díẹ̀díẹ̀ títí ìṣàn náà á fi dá. Ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kọrin geerege. Bí ó bá ń tú ooru àti omi síta láìdáwọ́ dúró, ẹ wá ìdí rẹ̀ ní ibi mẹ́rin yìí. Ara injector lè ti gbóná jù torí fáàfù bọ́ílà ń jò padà: ẹ ti ooru, ẹ jẹ́ kí omi tútù ṣàn gba inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Asẹ́ omi inú tender lè ti dí pẹ̀lú èédú wẹ́wẹ́ tàbí ewé. Àsopọ̀ páìpù láàárín ẹ́ńjìnì àti tender lè máa fa afẹ́fẹ́. Tàbí kí ìyẹ̀pẹ̀ omi líle ti hù sí ẹnu tóóró inú rẹ̀, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Kí ẹ tó gbéra, awakọ̀ á fa bíréèkì vacuum, ìyẹn bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́ nípa fífa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù rẹ̀, títí gééjì rẹ̀ á fi dé 21 ínǹṣì, á sì dán an wò. Ihò omi sìlíńdà gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí fún ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́. Sìlíńdà tó tutù máa ń sọ ooru di omi, omi kì í sì í ṣeé tẹ̀ mọ́ra. Bí písítọ̀n bá lù ú, ìdérí sìlíńdà ló máa fọ́.

Lójú ọ̀nà

Máìlì 25 láàárín wákàtí kan ni òpin ìyára lórí púpọ̀ nínú ojú irin wọ̀nyí, nítorí náà ẹ ò ní da èédú bí àwọn ará ìgbà kan tó ń fa ọkọ̀ lọ sí Skọ́tíláńdì. Díẹ̀díẹ̀, lóòrèkóòrè, ni àṣà tó dára: ṣọ́bìrì mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ẹ sinmi, kí ẹ wo ihò èéfín. Igun méjì ẹ̀yìn ló gba èyí tó pọ̀ jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti abẹ́ ilẹ̀kùn. Iwájú, lábẹ́ àjà bíríkì, fẹ́ díẹ̀ torí ìmìtìtì ẹ́ńjìnì máa ń yí èédú lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí iná bá ti funfun jù ni ṣọ́bìrì tó kàn máa lọ. Bí ẹ bá rí ihò dúdú nínú iná, ẹ dí i kíákíá: atẹ́gùn tútù ń gba ibẹ̀ lọ bá ẹnu páìpù, bí ẹni da omi tútù sínú ìkòkò amọ̀ tó ṣì wà lórí iná.

Èéfín ni ìwé yín. Bó bá jẹ́ eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó dára. Bó bá dúdú tó sì pẹ́, afẹ́fẹ́ ò tó: ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá da èédú. Bí ẹ ò bá rí nǹkankan rárá tí gééjì sì ń sọ̀kalẹ̀, iná ti tín-ín-rín jù. A fẹ́ràn adáná tó ń wo ihò èéfín ju èyí tó ń wo gééjì lọ, torí èéfín máa ń sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú mélòó kan ṣáájú gééjì.

Òfin kan wà tí kò ní àyàfi: kí awakọ̀ tó ti regulator pa, kí ọkọ̀ sì tó wọ inú ihò tí ojú irin gbà la abẹ́ òkè kọjá, blower gbọ́dọ̀ ti ṣí, ilẹ̀kùn ilé iná sì gbọ́dọ̀ ti pa. Bí ooru bá dá lójijì nínú ihò èéfín, tí kò sí ohun tó ń fa iná lọ síwájú mọ́, iná á bì padà gba ẹnu ilẹ̀kùn sínú yàrá awakọ̀. Awakọ̀ tó dára máa ń ké sí adáná kó tó fọwọ́ kan regulator. Ẹ má ṣe dúró de igbe rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí omi kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíláàsì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń fà. Omi tó pọ̀ jù tàbí tó ti dọ̀tí tó ń hó ìfófò máa ń bá ooru lọ sí sìlíńdà. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa ohùn tó yí padà sí rírọ̀, àti omi dúdú tó ń tú láti ihò èéfín sórí gbogbo ènìyàn. Ẹ ti regulator kíá, ẹ ṣí ihò omi sìlíńdà. Bí fáàfù òkè bọ́ílà bá sì ń fẹ́ ooru dànù ní 225, ẹ ti damper díẹ̀, kí ẹ fi injector kún omi tí àyè bá wà. Ariwo náà dùn mọ́ àwọn èrò, ṣùgbọ́n èédú àti omi ló ń lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí

Ẹ jẹ́ kí iná ti máa lọ sílẹ̀ kí ẹ tó dé ilé. Ẹ fọ́ èédú tó yọ́ mọ́ irin ìdáná, ẹ kó o jáde, kí ẹ fi èyí tó pọ́n tó kù kóra jọ sẹ́yìn. Ẹ kún bọ́ílà títí gíláàsì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, torí omi á sún kì bó bá tutù. Ẹ kó páànù eérú. Bí ẹ bá fi omi rin ín, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe níwájú, torí ooru tó ń dìde níbẹ̀ ń bó ènìyàn lára. Ẹ kó ilé èéfín, ẹ tì í.

Lẹ́yìn náà ẹ ti damper àti ilẹ̀kùn ilé iná, kí ẹ sì bo ihò èéfín. Bàbà tó gbóná ò gbọ́dọ̀ rí atẹ́gùn òru. Ẹ wá ṣe ohun tí ẹ ṣe ní àárọ̀: háńbíréèkì, regulator, reverser sí àárín, ihò omi sìlíńdà ní ṣíṣí, igi lábẹ́ ẹsẹ̀. Láti ìgbà dé ìgbà, bọ́ílà á tutù tán, wọ́n á ṣí gbogbo èdìdí rẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀pá àti páìpù omi fọ ìyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ jáde. Ọjọ́ yẹn ni ẹ máa rí i bí omi líle ṣe ń bo ọ̀pá ìdìmú mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó bọ́ ofaróòlù, ẹ mú ìwé àtúnṣe tí ẹ kà ní òwúrọ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ rí síbẹ̀: páìpù tó ń sun omi, injector tó ṣòro láti gbà, orígun tó gbóná ju èkejì rẹ̀ lọ nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹsẹ̀ tí ohùn rẹ̀ yí padà. Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ tó wà, ọ̀tún tàbí òsì, kí mẹkáníìkì tó máa wá ní àárọ̀ ọ̀la má baà máa wá a kiri.